Mò ń kó lọ sí Saint-Denis pẹ̀lú ọmọ mi, ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ìyá Àríkẹ́

Ẹ kú ilé o ẹ̀yin ará wa. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín níbí, òní ni màá kọ́kọ́ kọ nǹkan. Le Mans ni mò ń gbé láti bí ọdún mẹ́ta, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ìwé ẹ̀rí aide-soignante (olùrànlọ́wọ́ nọ́ọ̀sì), wọ́n sì ti gbà mí síṣẹ́ ní ilé ìwòsàn kan ní Saint-Denis lẹ́gbẹ̀ẹ́ Paris, ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kìíní ni màá wọṣẹ́. Èmi àti ọmọ mi obìnrin la jọ ń lọ, ọmọ ọdún mẹ́rin ni, èmi fúnra mi ò tíì pé 30. Mi ò lẹ́bí níbẹ̀, mi ò lójúlùmọ̀. Gbogbo ẹni tí mo bá ti dárúkọ ìlú yìí fún ńṣe ló ń mirí, "93 kẹ̀? ṣé kò síbòmíì ni?" (93 ni nọ́ḿbà agbègbè ìjọba ibẹ̀) títí ẹ̀rù fi wá ń bà mí, oorun ò kùn mí mọ́ lálẹ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ ibẹ̀, apá ibo ló dáa fún obìnrin àtọmọ, kí ni kí n kọ́kọ́ ṣe, báwo ni ti ilé ìwé, ṣé a máa rí oúnjẹ wa jẹ?

Ìyá Ìbejì

Ẹ kú oríire iṣẹ́ o, Olúwa á jẹ́ kó tura. Ọdún kẹrìndínlógún mi rèé ní Saint-Denis, ibẹ̀ ni mo bí àwọn ìbejì mi sí, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ń lọ collège (ilé ìwé girama) báyìí, torí náà ẹ fọkàn balẹ̀. Ìlú ńlá ni, èrò ibẹ̀ ń lọ sí bí 150,000, àtìgbà tí wọ́n sì ti da Pierrefitte pọ̀ mọ́ ọn ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 2025, lẹ́yìn Paris fúnra ẹ̀ kò sí ìlú míì ní gbogbo agbègbè yẹn tí èrò ẹ̀ pọ̀ tó o. Ìlú tó tóbi tó báyẹn, àdúgbò sí àdúgbò ni. Ó níbi tí mo lè rán ọmọ mi lọ ra búrẹ́dì lálẹ́, ó sì níbi tí mi ò ní gbà kọjá lẹ́yìn aago mẹ́sàn-án. Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ gbà lẹ́nu mi ni pé ẹ má gbalé látorí fóònù. Ẹ wá fúnra yín, lọ́sàn-án lẹ́ẹ̀kan, lálẹ́ lẹ́ẹ̀kan, kẹ́ ẹ dúró sẹ́nu ọ̀nà ilé yẹn fún bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ẹ wo ẹni tó ń wọlé àtẹni tó ń jáde, ẹ wò ó bóyá ilẹ̀kùn ìsàlẹ̀ ń tì dáadáa, bóyá àwọn àpótí lẹ́tà wọn ò fọ́. Ẹ má fojú kéré àpótí lẹ́tà yẹn o, torí ní Faransé ibẹ̀ ni gbogbo nǹkan ń gbà wá, káàdì bánkì ni, lẹ́tà CAF tó ń fúnni lówó ìrànlọ́wọ́ ni, carte Vitale tá a fi ń gba ìtọ́jú ni, tó bá ti fọ́, ìyà ni.

Ẹ tún bi wọ́n dáadáa tí wọ́n bá ní ilé kan wà ní Saint-Denis, torí Pierrefitte náà ti ń jẹ́ Saint-Denis báyìí. Mi ò ní ibẹ̀ ò dáa, àmọ́ ọ̀nà ẹ̀ yàtọ̀, tramway T5 àti ọkọ̀ ojú irin RER D ni wọ́n máa ń wọ̀ jù níbẹ̀.

Awakọ̀ Bọ́ọ̀sì

Ẹ jẹ́ kí n sọ tọ̀nà torí iṣẹ́ mi nìyẹn. Mẹ́tírò 13 ló wọ àárín ìlú, Basilique de Saint-Denis ni ibùdókọ̀ tó sún mọ́ ọjà, Saint-Denis Université ni ìpẹ̀kun. Ojú irin yẹn yà sí méjì níbi tí wọ́n ń pè ní La Fourche, ọ̀kan ń bọ̀ ní Saint-Denis, èkejì ń lọ sí Asnières àti Gennevilliers, ọkọ̀ kan náà lẹ máa rí o, àwọ̀ kan náà, torí náà ẹ ka orúkọ tí wọ́n kọ síwájú ẹ̀ kẹ́ ẹ tó wọ̀ ọ́. Ọ̀sẹ̀ tí mo kọ́kọ́ dé ni mo wọ èyí tí kì í ṣe tiwa, mo tún sùn lọ nínú ẹ̀, Les Courtilles ni wọ́n ti jí mi, aago kan òru ti fẹ́ lù, kò sówó takisí lápò mi, ẹsẹ̀ ni mo fi rìn dé ilé nínú òtútù. Mi ò fẹ́ kó ṣẹlẹ̀ sí obìnrin tó gbọ́mọ dání.

Lówùúrọ̀, 13 máa ń kún débi pé ẹsẹ̀ kan lẹ máa ráyè fi kalẹ̀. Tẹ́ ẹ bá rí ilé ní apá Pleyel, ẹ gbà á, torí mẹ́tírò 14 ti dé Saint-Denis Pleyel láti ọjọ́ 24 oṣù kẹfà 2024, ó yára, kò ní awakọ̀, ó gba Châtelet àti Gare de Lyon kọjá, ó sì lọ tààrà sí pápákọ̀ òfuurufú Orly. Ẹ̀gbẹ́ sítéṣọ̀n Saint-Denis, RER D àti line H lẹ máa rí, ìṣẹ́jú díẹ̀ ẹ ti dé Gare du Nord. Tó bá jẹ́ Delafontaine ni wọ́n ti gbà yín, tramway T1 ní ibùdókọ̀ tó ń jẹ́ orúkọ ilé ìwòsàn yẹn gan-an, ẹ wá ilé sẹ́gbẹ̀ẹ́ T1, kò ní jẹ́ kẹ́ ẹ máa sáré. Navigo olóṣooṣù, ìyẹn káàdì ọkọ̀, jẹ́ 88,80 yúrò ní 2025, ẹni tó gbà yín síṣẹ́ sì gbọ́dọ̀ dá ó kéré tán ìdajì ẹ̀ padà fún yín, òfin ni, ẹ má tijú àtibéèrè.

Ọmọ Kétu

Ẹ kú ilé o, ọmọ Kétu ni mí, láti Benin. Wọ́n jẹ 600 yúrò mi rí lórí ọ̀rọ̀ ilé ní Saint-Denis yìí kan náà, torí ẹ̀ ni mo fi fẹ́ kọ ọ́ gùn díẹ̀. Fọ́tò yàrá tó mọ́ tónítóní ni mo rí lórí íntánẹ́ẹ̀tì, owó ẹ̀ kéré, ọkùnrin tó ni ín ní òun ti wà ní Íńgílàndì, kí n ra coupon, káàdì tí wọ́n ti sanwó sí, kí n ka nọ́ḿbà ẹ̀ fóun, òun á fi kọ́kọ́rọ́ ránṣẹ́ láti ilé ìfìwéránṣẹ́. Mo rà á. Ọjọ́ tí mo débẹ̀ pẹ̀lú báàgì mi, ilé ìfọṣọ ni mo bá ní àdírẹ́sì tó fún mi, ẹ̀rọ ìfọṣọ mẹ́fà lórí ìlà àti ìyá àgbàlagbà kan tó ń ká aṣọ. Ìyá yẹn ló fún mi ní àga jókòó. Ó ní èmi kọ́ ni ẹni àkọ́kọ́ tó ń wá yàrá síbẹ̀.

Nítorí náà ẹ gbọ́. Ẹnikẹ́ni ò lẹ́tọ̀ọ́ láti gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ yín kẹ́ ẹ tó fọwọ́ sí bail, ìyẹn ìwé àdéhùn ilé. Owó ìdúró, tí ilé bá ṣófo, rẹ́ǹtì oṣù kan ni, kò sí owó iná àti omi nínú ẹ̀. Tó bá ní bẹ́ẹ̀dì àti ohun èlò, oṣù méjì ló pọ̀ jù. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹfà 2021 ni wọ́n ti ń fi òfin dá rẹ́ǹtì dúró ní Plaine Commune, àwọn ìlú tó para pọ̀ níbí, Saint-Denis sì wà nínú ẹ̀, iye tó ga jù tí lànlọ́ọ̀dù lè gbà wà fún àdúgbò kọ̀ọ̀kan, loyer de référence majoré ni wọ́n ń pè é, ó gbọ́dọ̀ wà lákọsílẹ̀ nínú bail yín. Tí iye tí wọ́n ní kẹ́ ẹ san bá ju ìyẹn lọ, ẹ lọ bá ADIL, ọ́fíìsì tó ń gbani nímọ̀ràn lórí ọ̀rọ̀ ilé, wọn kì í gbowó, wọ́n á ṣàlàyé òfin fún yín wẹ́rẹ́.

Ẹ ní ẹ ò tíì pé 30, ẹ ṣe Visale kíá, ìyẹn ìdúró lórí rẹ́ǹtì. Àjọ kan tó ń jẹ́ Action Logement ló máa dúró fún yín lọ́dọ̀ lànlọ́ọ̀dù, ọ̀fẹ́ ni, kò sì sí pé ẹ ń bẹ ẹnì kankan kó wá ṣe onídùúró. Àmọ́ ẹ gbọ́dọ̀ ti gba visa ẹ̀, bí wọ́n ṣe ń pè é nìyẹn, kẹ́ ẹ tó fọwọ́ sí bail, tẹ́ ẹ bá ti fọwọ́ sí i tán ó ti bọ́. Ẹ tẹ̀ ẹ́ jáde, ẹ fi sínú fáìlì kan náà pẹ̀lú kọ́ńtírákì iṣẹ́ àti ìwé owó orí, tẹ́ ẹ bá lọ wo ilé ẹ ti mú un dání, ẹni tí fáìlì ẹ̀ bá kọ́kọ́ pé ni wọ́n máa ń fún.

Ìyá Àríkẹ́

Ẹ ṣeun gan-an, mi ò mọ nǹkan kan nípa Visale yìí rárá. Tí mi ò bá tètè rí ilé ńkọ́? Ẹnì kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa níbí ní òun ní àbúrò ní Saint-Denis tó lè gbà wá fún oṣù kan.

Ọmọ Kétu

Kò burú, àmọ́ kẹ́ ẹ tó sùn níbẹ̀ lálẹ́ àkọ́kọ́, kó kọ attestation d'hébergement fún yín, ìwé tó fi hàn pé ọ̀dọ̀ ẹ̀ lẹ ń gbé, kó fi ẹ̀dà káàdì ìdánimọ̀ ẹ̀ àti bílì iná tí kò tíì ju oṣù mẹ́ta lọ sí i. Bébà mẹ́ta yìí ni kọ́kọ́rọ́ gbogbo ilẹ̀kùn, ilé ìwé, bánkì, CAF, préfecture (ọ́fíìsì ìjọba tó ń ṣe ìwé ìgbélùú). Mo mọ èèyàn tó gbé ilé ẹni ẹlẹ́ni fún ọdún kan àtààbọ̀, tí onílé náà ò fẹ́ fọwọ́ sí nǹkan kan, lójú ìjọba ńṣe ló dà bíi pé kò gbé ibì kankan. Tí onítọ̀hún bá lọ́ra láti kọ ọ́, ẹ wá ibòmíì.

Ọmọ Ọ̀yọ́ ní Cergy

Èmi ò ní tàn yín. Mo gbé Saint-Denis ọdún méjì, wọ́n já fóònù gbà lọ́wọ́ mi lẹ́ẹ̀mejì, ariwo lójoojúmọ́, ìgbọ̀nsẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà ilé. Mo kó lọ sí Cergy, mo rí igi, mo rí omi, ọmọ mi ń gun kẹ̀kẹ́. Tẹ́ ẹ bá lè gbé lọ́nà jíjìn kẹ́ ẹ máa wọkọ̀ wá síṣẹ́, ó sàn.

Ìyá Ìbejì

Mi ò ní bá yín jiyàn lórí ohun tójú yín rí, ẹ pẹ̀lẹ́. Àmọ́ ẹ rò ó, aide-soignante lẹ ń bá sọ̀rọ̀, ẹni tó máa wọṣẹ́ kí aago méje tó lù, tó sì gbọ́mọ dání. Tó bá ń gbé Cergy, aago mélòó ló máa jí ọmọ yẹn? Ta ló máa lọ mú un tí RER bá dúró? Ibi tó sún mọ́ iṣẹ́ ló máa gbà á là lọ́dún àkọ́kọ́ yìí, tó bá yá tí ẹsẹ̀ ẹ̀ bá ti múlẹ̀ ó lè kó lọ síbi tó wù ú.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ti ilé ìwé. Mairie, ọ́fíìsì ìlú, ni wọ́n ti ń forúkọ ọmọ sílẹ̀, kì í ṣe ilé ìwé fúnra ẹ̀. Ẹ gba certificat de radiation, ìwé pé ọmọ ti kúrò nílé ìwé yẹn, ní Le Mans kẹ́ ẹ tó kúrò, ọ̀gá ilé ìwé tó ń lọ báyìí ló máa fún yín, ẹ má jẹ́ kó di ọjọ́ tẹ́ ẹ fẹ́ wọkọ̀. Ẹ mú carnet de santé, ìwé ìlera ọmọ, dání, wọ́n máa wo abẹ́rẹ́ àjẹsára ẹ̀, ẹ mú ìwé ìbí àti bébà àdírẹ́sì. Ọmọ ọdún mẹ́ta sókè gbọ́dọ̀ wà nílé ìwé láti 2019, òfin ni, nítorí náà wọn ò lè sọ pé kò sí àyè kẹ́ ẹ máa lọ. Owó oúnjẹ ọ̀sán, iye tó ń wọlé fún yín ni wọ́n fi ń ṣírò ẹ̀, ẹ ṣe ìṣírò yẹn, quotient ni wọ́n ń pè é, lọ́jọ́ kan náà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ iye tó ga jù ni wọ́n á máa kọ fún yín. Ohun tó le jù ni òwúrọ̀, torí aago mẹ́jọ ààbọ̀ ni kíláàsì ń bẹ̀rẹ̀, ẹ béèrè ohun tí mairie ní fún àwọn tó ń tètè lọ síṣẹ́, ẹ sì wá assistante maternelle kan mọ́ ọn, ẹni tó ní àṣẹ ìjọba láti máa tọ́jú ọmọ. PMI, ibi ìtọ́jú ìlera ọmọdé, wà fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́fà, ọ̀fẹ́ ni, ẹ mú un lọ síbẹ̀ kẹ́ ẹ tó rí dókítà, torí dókítà ò pọ̀ ní 93. Ìlú náà tún ní àwọn centre municipal de santé (ilé ìtọ́jú aláìsàn) tirẹ̀, èmi àti àwọn ìbejì mi, ibẹ̀ la ń lọ.

Sísí Ẹlẹ́ja

Oúnjẹ kẹ̀? Ẹ má dààmú rárá. Ọjà Saint-Denis máa ń ná lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ Ẹtì àti ọjọ́ Àìkú, láàárọ̀. Ti ọjọ́ Àìkú ló tóbi jù, abẹ́ ilé ọjà ńlá yẹn ni ẹran àti ẹja wà, àwọn ẹlẹ́fọ̀ọ́ àti aláṣọ wà níta yíká. Tí aago kan ọ̀sán bá ti ń súnmọ́, àwọn aláta á bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo, wọ́n á máa da tòmátò sínú ike, ike kan yúrò kan, ìgbà yẹn ni kẹ́ ẹ lọ.

Orúkọ lẹ gbọ́dọ̀ mọ̀, torí ọ̀pọ̀ àwọn tó ń tà ni kì í ṣe ará wa. Ata rodo ni wọ́n ń pè ní piment antillais. Ilá ni gombo. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà, ẹ ní plantain, tẹ́ ẹ bá ní banane lásán, ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ ni wọ́n á kó fún yín. Ẹ̀wà ni niébé, àwọn míì ń pè é ní cornille. Pọ̀nmọ́ ni peau de bœuf. Ẹ̀gúsí ló máa ń da ọ̀pọ̀ èèyàn láàmú, ní sọ́ọ̀bù àwọn ará Cameroon pistache ni wọ́n ń pè é, mo rìn káàkiri fún oṣù méjì kí n tó mọ̀ pé iwájú mi ló wà ní gbogbo ìgbà. Èlùbọ́ àti irú ló ṣòro díẹ̀, ẹ máa wá a lọ sí Château Rouge ní Paris, RER D dé Gare du Nord, ẹ wọ mẹ́tírò 4, ibùdókọ̀ kejì.

Nọ́ọ̀sì Alẹ́

Mò ń ṣiṣẹ́ alẹ́ ní Saint-Denis láti ọdún mẹ́jọ, àǹtí mi, ẹ jẹ́ kí n sọ tààbò láìdẹ́rù bà yín. Fóònù lọ́wọ́ lẹ́nu ilẹ̀kùn mẹ́tírò, rárá, ìgbà tí ilẹ̀kùn bá fẹ́ pa dé ni wọ́n ń já a. Ṣéènì góòlù, ẹ fi pamọ́ sílé. Níwájú sítéṣọ̀n lálẹ́, àwọn ọkùnrin máa ń dúró ta sìgá, wọn kì í sábà bá èèyàn jà, ẹ má dá wọn lóhùn, ẹ máa lọ. Ọjọ́ tí bọ́ọ̀lù tàbí eré ńlá bá wà ní Stade de France, ẹ wo àkókò ẹ̀ ṣáájú, pápá yẹn ń gba bí 80,000 èèyàn, gbogbo wọn ló sì ń jáde lẹ́ẹ̀kan náà.

Nǹkan kejì, mi ò mọ̀ bóyá ó kàn yín, àmọ́ obìnrin míì lè máa kà á. La Maison des femmes wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Delafontaine, dókítà Ghada Hatem ló dá a sílẹ̀ ní 2016. Obìnrin tí ọkọ ń lù, tí wọ́n fipá bá lò pọ̀, tí wọ́n dá abẹ́ fún ní kékeré tó sì ń jẹ̀rora ẹ̀ títí di òní, dókítà wà níbẹ̀, ẹni tó mọ̀ nípa òfin wà níbẹ̀, lábẹ́ òrùlé kan. Mo ti sin ẹ̀gbọ́n mi kan dé ẹnu ọ̀nà ibẹ̀. Kò sọ̀rọ̀ títí a fi débẹ̀, ó kàn di apá mi mú. Wàkàtí méjì ó jáde, ó ní òun fẹ́ jẹun.

Àgbà Saint-Denis

Ọmọ mi, ìlú yìí ti rí wa tipẹ́. Ọjọ́ 28 oṣù kẹfà 1998, Nàìjíríà àti Denmark gbá bọ́ọ̀lù ní Stade de France yìí, wọ́n nà wá mẹ́rin sí ẹyọ kan, Babangida ló jẹ ẹyọ yẹn. Mi ò rí tíkẹ́ẹ̀tì rà, ìta ni mo dúró sí pẹ̀lú àsíá. Nígbà tí wọ́n tú jáde, obìnrin Faransé kan láti ilé tó kọjú sí wa gbé omi jáde fún àwa tá a jókòó sílẹ̀. Mi ò mọ orúkọ ẹ̀, mo ṣì rántí ife omi yẹn.

Mú ọmọ rẹ lọ sí Basilique, ṣọ́ọ̀ṣì ńlá àtijọ́ yẹn. Àwọn ọba Faransé tí wọ́n sin síbẹ̀ ju 40 lọ, iṣẹ́ tí abbé Suger, olórí ibẹ̀ nígbà náà, sì ṣe sí i, tí wọ́n yà sí mímọ́ ní 1144, ibẹ̀ làwọn ọ̀mọ̀wé ń tọ́ka sí tí wọ́n bá ń sọ ibi tí ọnà ìkọ́lé tí wọ́n ń pè ní Gothic ti bẹ̀rẹ̀. Ọmọdé kì í sanwó.

Akẹ́kọ̀ọ́ P8

Ẹ má gbàgbé titre de séjour, ìwé ìgbélùú yín o. Tẹ́ ẹ bá ti kó, oṣù mẹ́ta lẹ ní láti sọ àdírẹ́sì tuntun fún ìjọba, orí íntánẹ́ẹ̀tì ni. Ẹnikẹ́ni tó bá ní òun ń ta rendez-vous (ọjọ́ ìpàdé) préfecture, ẹ má fún un ní nǹkan kan, ọ̀fẹ́ ni. CAF náà, oṣù tẹ́ ẹ bá wọlé gan-an ni kẹ́ ẹ ṣe fọ́ọ̀mù owó ilé, wọn kì í san ti àtẹ̀yìnwá.

Ìyá Àríkẹ́

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o ẹ̀yin ará wa. Mo ní kí n padà wá jábọ̀. A ti dé. Ilé àbúrò yẹn la kọ́kọ́ wà fún ọ̀sẹ̀ márùn-ún, ó kọ attestation lálẹ́ ọjọ́ tá a dé, kí n tó tú báàgì. Ilé mẹ́rin ni mo lọ wò, lọ́sàn-án àti lálẹ́ bí Ìyá Ìbejì ṣe wí. Ọ̀kan nínú wọn dára gan-an lọ́sàn-án, nígbà tí mo padà lọ lálẹ́, ilẹ̀kùn ìsàlẹ̀ ò tì, àwọn ọmọkùnrin kan jókòó sórí àtẹ̀gùn, mo yí padà. Èyí tá a gbà báyìí, ẹsẹ̀ ni mo fi ń rìn dé T1, yàrá kan àti pálọ̀, Visale ló jẹ́ kí lànlọ́ọ̀dù gbà kíá, ó sọ ọ́ fún mi lẹ́nu ara ẹ̀. Ọmọ wọ ilé ìwé lọ́jọ́ Ajé tó kọjá. Òwúrọ̀ ṣì le, ìyá kan láti Mali ní àjà ìsàlẹ̀ wa ló ń bá mi mú un dé ilé ìwé lọ́jọ́ tí mo bá tètè wọṣẹ́, mò ń sanwó fún un, àmọ́ mo ṣì ń wá ẹni tó ní àṣẹ ìjọba.

Bàbá, a lọ sí Basilique. Ère òkúta àwọn ayaba tó sùn gbalaja, ajá kékeré wà lẹ́sẹ̀ àwọn kan, ọmọ mi bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ ó ń bá ajá kan sọ̀rọ̀ ní Yorùbá, ó ní kó má jí màmá ẹ̀.

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ lẹ orúkọ wa mọ́ àpótí lẹ́tà, mo ya fọ́tò ẹ̀ ránṣẹ́ sí ìyá mi ní Ìsẹ́yìn. Lánàá ni lẹ́tà àkọ́kọ́ wọnú ẹ̀, carte Vitale ni.

Sísí Ẹlẹ́ja

Ẹ kú oríire! Ṣé ẹ ti rí èlùbọ́?

Ìyá Àríkẹ́

Rárá o, ẹ̀gúsí nìkan, pistache ni wọ́n pè é lóòótọ́.

Sísí Ẹlẹ́ja

Ọjọ́ Àìkú mò ń lọ Château Rouge, ẹ fi nọ́ḿbà yín ránṣẹ́ sí mi níkọ̀kọ̀, màá ra tiyín mọ́ tèmi.